Ojú Ọmọ Mi Lórí Bánà

Ẹni tó bá ń wá ilé wa ní Ẹgbẹ́dá lọ́dún yẹn kò nílò àdírẹ́sì. Kó ṣáà ti gba ọ̀nà Ìdímù, kó yà sí àdúgbò wa, kó gbójú sókè, yóò rí ojú ọmọ mi. Bánà náà gùn ju mọ́tò lọ. Wọ́n so apá kan rẹ̀ mọ́ òpó iná, wọ́n so apá kejì mọ́ irin fẹ́ǹsì wa, Olúwaníyì sì wà láàárín rẹ̀ nínú kóòtù tí wọ́n yá lọ́wọ́ ayàwòrán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ ẹ̀rín fún. Máàkì tó gbà nínú ìdánwò JAMB wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, nọ́ńbà pupa, ó tóbi ju orí ọmọ náà lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀ wà àti nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀. Orúkọ èmi tí mo lóyún rẹ̀ kò sí níbẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Ọkọ mi, Tíṣà Dáramọ́lá, ló gbé e sókè. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé ìjọba. Nírọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń ṣe lẹ́sìn ní ṣẹ́ẹ̀dì iwájú ilé wa fún àwọn tó fẹ́ kọ JAMB. Ọmọ Èkìtì ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Èmi náà ọmọ Oǹdó ni, ìwé kò ṣàjèjì nílé bàbá mi. Ṣùgbọ́n ti ọkọ mi yìí ti kọjá bó ṣe yẹ. Ó máa ń sọ pé bí ènìyàn bá ju òkúta ní abúlé àwọn, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa bà. Mo ti dé abúlé náà. Ewúrẹ́ ni mo rí.

Kí n má purọ́, bánà náà ṣiṣẹ́. Kó tó gòkè, àwọn ọmọ lẹ́sìn kò kún bẹ́ǹṣì. Nígbà tó gòkè tán, àwọn tó pẹ́ dé ń dúró nínú oòrùn. Àwọn ọlọ́kadà sọ òpópónà wa ní Bánà. Àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi, nítorí mo ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n sọ mí di Ìyá Bánà. Olúfúnmiláyọ̀ ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ìyá Mubarakah ló wá fi ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù kún un. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé kejì sí wa ni wọ́n ń gbé, ọkọ rẹ̀ ń ṣe káfíńtà. Obìnrin dáadáa ni tí ẹnu rẹ̀ bá sinmi. Nígbà tí Níyì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí yunifásítì, ó mú pẹ́ńsù tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi kọ GCE wá. Ó ní kí Níyì dì í mú díẹ̀, kí ọwọ́ tó gba irú máàkì yẹn lè kan ti ọmọ òun náà. Níyì dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èsì jáde, Mubarakah yege. Ó tán. Ìròyìn dé mọ́ṣáláṣí, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé Ìdímù. Ọkọ mi tó ń sọ lójoojúmọ́ pé kò sí idán nínú ìṣirò, òun náà fọwọ́ sí i. Ó ní ó máa fi ọkàn àwọn ọmọ balẹ̀. Ó dá ọjọ́ fún un: Sátidé tó ṣáájú JAMB, Níyì yóò wálé, yóò bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, yóò sì di pẹ́ńsù wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí gbọ́ kí Níyì tó gbọ́.

Níyì ti wà ní yunifásítì nígbà náà, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó máa ń pè wá, á máa ròyìn: bí wọ́n ṣe há mọ́ yàrá, bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́yìn fèrèsé láti gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ nínú gbọ̀ngàn, bó ṣe jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ṣe ipò kìíní nílé ìwé tó ti wá. Lẹ́yìn náà ìròyìn rẹ̀ kúrú. Ó wá ku “Mo wà dáadáa, Mọ́mì.” Nígbà tó yá, fóònù á dún títí, kò ní gbé e. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ló ń kà. Bí mo bá ní ọkàn mi ò balẹ̀, á ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ máa fi ìwé sílẹ̀ wá máa bá mi ṣeré lórí fóònù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín. Nílé wa, bí wọ́n bá pe ọmọ, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Èmi kì í pe ọmọ tèmi kó máa wò mí. Nígbà tí Níyì wà ní kékeré, bí mo bá pè é lẹ́yìn ilé, “Mà!” tí yóò ké láti iwájú ilé, wọ́n á gbọ́ ọ lójú títì. Òun ni mo fi ń yangàn fún àwọn ìyá tọ́mọ wọn ya olóríkunkun. Nítorí náà, ọmọ tí mò ń pè tí kò dáhùn yìí, kò yé mi, ó sì ń bí mi nínú.

Ó wálé kí ọjọ́ pẹ́ńsù tó pé. Ẹyin ni mò ń kó lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà tí mo rí i tí ẹnì kan ń gun fẹ́ǹsì ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Adìẹ fò, ẹyin fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ti ń ké olè kí n tó rí i pé Níyì ni. Ilé tó ní géètì níwájú, tí bàbá rẹ̀ kun ní ọ̀dà! Mo bú u dáadáa. Mo bú u tán ni mo tó rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀, kò sí ara kankan nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba iwájú. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa kí òun.

Láti ọjọ́ náà, oorun ló kù. Ó ń sùn láàárọ̀, ó ń sùn lọ́sàn-án, bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á dì gbagidi mọ́ inú àwo. Kì í wẹ̀ àfi tí mo bá gbé omi síwájú rẹ̀ tí mo sì dúró. Mo pè é, kò dáhùn. Mo ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Mo ní kí ló ń ṣe é, ó ní orí ló ń fọ́ òun, ó sì rẹ òun. Mo ní kí ló ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́? Ẹni tí kò fọ àwo, tí kò pọnmi, tí kò bọ́ adìẹ! Ẹ wò ó, ó ká mi lára.

Gbogbo ènìyàn ló sì ní ohun tí wọ́n mọ̀. Ọkọ mi ní ìwàásù ni ọmọ náà fẹ́, pé ọ̀lẹ ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ oníke pupa, ó ní kó máa mu ún. Àbúrò ọkọ mi, Olúfúnkẹ́, wá láti àdúgbò Pleasure, ó wo bánà, ó mi orí. Ó ní ta ló gbé ojú ọmọ síta gbangba báyẹn kí ayé máa wò ó, pé wọ́n ti fi fọ́tò náà ṣe é. Ìyá Mubarakah ní akọ ibà ni, ó gbé àgbo wá nínú ike. Ó tún bi mí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ó ṣì máa lè di pẹ́ńsù mú ní Sátidé. Mo gba àgbo náà, mo dúpẹ́, mo sì dà á sí gọ́tà nígbà tó lọ tán.

Nígbà tó yá, mo sọ fún ọkọ mi pé orí tó ń fọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníke pupa mọ́. Mo mú Níyì, a wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkòtún, a tún wọ òmíràn lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìgàndò. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òórùn ààtàn Sólòùsì wọlé, gbogbo èrò ọkọ̀ di imú, òun nìkan ni kò di tirẹ̀. Mo ń wò ó. Mo ní ṣé o ò gbóòórùn ni? Kò dáhùn.

Dókítà tó rí wa kì í ṣe àgbà, obìnrin tó wọ híjáàbù, Dókítà Raheem ni wọ́n ń pè é. Ó bi Níyì nípa orí, nípa oorun, nípa oúnjẹ. Gbogbo ìbéèrè ni mò ń bá a dáhùn, títí dókítà fi rọra bẹ̀ mí pé kí n jókòó síta díẹ̀. Èmi tí mo bí i! Mo jáde, ṣùgbọ́n ìdí mi kò kan àga. Ó pẹ́ kó tó ní kí n wọlé.

Ó ní kì í ṣe ibà. Ó ní ọkàn ọmọ náà ló ń ṣàìsàn, pé àìsàn gidi ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì ń mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì: wọ́n kúrò nílé, ìwé le, oorun kò tó, ẹni tó ti ń ṣe ipò kìíní láti kékeré á wá rí i pé òun wà lẹ́yìn. Ó ní àwọn kan máa ń ṣubú, wọ́n á sì dìde, àwọn tó bá rí ẹni sọ ọ́ fún ló sì sábà máa ń tètè dìde. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Níyì, ó ní kó sọ èyí tó sọ fún òun kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Níyì ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má jí mọ́. Mi ò tíì fẹ́ ṣe nǹkan kan fún ara mi, Mọ́mì. Kí n ṣáà má jí. Ẹ̀yin náà á sinmi.”

Kí n sọ òótọ́, ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ gbé mi, ìbínú ni. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ sinmi? Ìsinmi wo ni mo bẹ̀ ẹ́? Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni? Kí ló dé tí kò pe ilé?

Ó ní òun pè. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò kékeré ti ìṣirò mọ́ ògiri, tí òun rí máàkì òun, òun pe bàbá òun láti sọ fún un. Lẹ́sìn ni ọkọ mi ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó ya ẹnu, bàbá rẹ̀ ti fi ohùn fóònù síta, ó ní kí àwọn ọmọ kí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n kígbe, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọkọ mi ní kó gbà wọ́n níyànjú. Ó gbà wọ́n níyànjú. Ó ní kí wọ́n tẹra mọ́ ìwé. Ó gé fóònù, kò sì wọ kíláàsì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo rántí àtẹ́wọ́ yẹn. Inú ọgbà adìẹ ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Dókítà kò bá wa ṣeré. Ó ní a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún ìgbà pípẹ́, ká kó oògùn eku àti gbogbo nǹkan tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí. Ó ní kí a má bú u, kí a máa mú un padà wá ní ọjọ́ Wẹsidé, bí ọ̀rọ̀ bá sì le sí i, kí a má dúró de Wẹsidé. Ó ní yunifásítì lè fún un láyè kó sinmi kó tó padà. Ó wá bi Níyì pé nínú gbogbo ohun tó wà nílé, èwo ló wúwo jù fún un. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò pe orúkọ mi.

Ó ní, “Bánà yẹn. Ẹni tó wà lókè yẹn, gbogbo yín lẹ fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni mi ò mọ ibi tí mo máa gbà kọjá.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó ní irú àìsàn wo ni yẹn tí ara kò gbóná. Mo ní ẹni tó kàwé ìṣègùn ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa bọ̀wọ̀ fún ìwé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára, nítorí ó lọ kó oògùn eku tó wà lábẹ́ àga ilé ìdáná jù nù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí bánà wálẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí Sátidé kọjá ná. Ó ní àwọn òbí ti gbọ́, àwọn ọmọ ti gbọ́kàn lé e. Ó ní ọmọ náà kàn máa fọwọ́ kan pẹ́ńsù ni, kí ló le níbẹ̀? Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní òun gbọ́, Sátidé náà ló ní kí a jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ bá tíṣà ìṣirò jiyàn, kó bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, ṣẹ́ẹ̀dì ti kún. Àwọn òbí dúró sí ìta lábẹ́ bánà, wọ́n mú pẹ́ńsù dání, àwọn mìíràn dì í sínú ọ̀rá, ẹnì kan tiẹ̀ fi òróró àdúrà ra tirẹ̀. Ìyá Mubarakah jókòó síwájú wọn pátápátá, nítorí Mubarakah náà fẹ́ kọ JAMB. Ọkọ mi de táì. Ó wọlé wá pe Níyì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó tún pè é, kò dáhùn.

Láti ìgbà tí a ti ti Ìgàndò dé, mi ò lè gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́ kí n dúró. Mo kúrò lẹ́yìn ọkọ mi, mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. Níyì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà láàárín orúnkún.

Ó ní, “Mo ti múra, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n lọ fọwọ́ kàn án kó tán.”

Mo ní kó jókòó. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi kọjá. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń la àpò oúnjẹ adìẹ, mo gba iwájú jáde. Mo ní kí àwọn ọmọ kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo wọ́ ọ dé ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, mo gùn ún. Okùn náà le, oòrùn ti sè é pọ̀. Mo ń gé e, mo ń gé e, gbogbo ojú wà lára mi. Ó já lójijì, ìdajì bánà sì ya lulẹ̀, ó bo Ìyá Mubarakah mọ́lẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Ọkọ mi ti jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táì rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Níyì, kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn ènìyàn yìí?”

Mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ara ọmọ yín ò yá. Ó tán.”

Ìyá Mubarakah yọ orí lábẹ́ bánà, gèlè rẹ̀ ti ṣí, ó ní pẹ́ńsù ọmọ òun wá ńkọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn, nítorí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọ́ bẹ́ǹṣì lọ sídìí òpó iná. Ibẹ̀ ga jù. Mo na ọwọ́, mo na ìka ẹsẹ̀, mi ò tó o. Inú wá bí mi sí gbogbo ẹni tó ga láyé.

Ìgbà náà ni bẹ́ǹṣì mì. Níyì ti gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gba iwájú ilé jáde, láàárín gbogbo wọn, n kò rí i nígbà tó ń bọ̀. Kò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka tú okùn náà, ó fara balẹ̀ tú u, ó sì sọ bánà sílẹ̀. Ó wá yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní pẹ́ńsù yín. Mo féèlì ìṣirò. Mẹ́sàn-án ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún.”

Àwọn òbí kan rọra kó pẹ́ńsù wọn sínú báàgì. Ọkọ mi wá síwájú, ó rìn bí ẹni tí bàtà ń há. Mo ní bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó burú sí ọmọ yìí, èmi àti òun la máa jọ rí i lónìí.

Ó ní, “Mẹ́sàn-án?”

“Mẹ́sàn-án, Sà.”

Ọkọ mi tú táì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a dúró lé, nídìí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ìbéèrè wo lo wá rí gbà níbẹ̀?”

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ọmọ ń ṣàìsàn, àdúgbò ń wò wá, ìbéèrè wo lo rí gbà! Mo fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n mo rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń béèrè, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà béèrè. Igun ẹnu Níyì mì díẹ̀. Kò tíì di ẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu ọmọ mi. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ni, Sà, ìyẹn náà ìdajì rẹ̀ ni.

A fi bánà náà bo ọgbà adìẹ, nítorí òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń sọ fún ọkọ mi. Níyì ló gùn ún lọ tẹ́ ẹ. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn adìẹ nìkan ló ń wò ó báyìí, wọn kì í sì í béèrè máàkì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti kó ẹyin, mo bá pẹ́ńsù kan tí wọ́n ti bọ abẹ́ bánà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, mo fi í sílẹ̀. Ènìyàn kò lè bá gbogbo ayé jà lọ́jọ́ kan.

Ọkọ mi lọ sí yunifásítì fúnra rẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Níyì sinmi, kó padà bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní nígbà tí ara rẹ̀ bá ti le. Àwọn kan mú ọmọ wọn kúrò ní lẹ́sìn. Àwọn kan kò mú wọn kúrò. Ara Níyì kò tíì yá, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bánà wálẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ó ṣì ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, oúnjẹ ṣì ń ṣẹ́kù sínú àwo, mo ṣì ń bínú, mo sì ń gbé ìbínú náà lọ sọ fún àwọn adìẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹsidé tí a tún fẹ́ padà sí Ìgàndò, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà náà, ọwọ́ mi lára ilẹ̀kùn, tí mi ò ní kọ́kọ́ lè tì í ṣí. Mo pè é. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Kò dáhùn. Mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi pè é, débi pé adìẹ ké lẹ́yìn ilé.

“Mà! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ jàre. Mo ti jí.”

Ó ń bínú, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú títì. Mo fi orí ti ilẹ̀kùn, mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kó máa bínú.